Òkun Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè, Kì Í Ṣe Kẹ̀kẹ́



Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí kan àwọn ilé kan tààrà, àwọn ilé mìíràn sì lè má tíì mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Àwọn ọkùnrin wa tó ti lé ní ogójì ọdún, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ti ń forúkọ sílẹ̀ fún eré triathlon ní etíkun Ìlú Ọba níbí. Àwọn obìnrin díẹ̀ náà wà nínú wọn. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó kírun Àsùbáà tán tó gun kẹ̀kẹ́ jáde sàn ju ẹni tó padà sórí ibùsùn lọ, a sì mọ̀ pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyàwó rẹ̀ Àìṣá sáré ìje. Nítorí náà, n kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ewu wà kọ́ ni àwọn ará ilé ń wò. Wọ́n ń ṣàníyàn nípa mọ́tò ojú pópó, wọ́n ń jiyàn lórí owó kẹ̀kẹ́, kò sì sí ẹni tó béèrè nípa òkun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ìyá àgbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé yìí sí létí. Ìpele mẹ́ta ló ní, léraléra ni wọ́n sì ń ṣe é, kò sí ìsinmi láàárín: a ó lúwẹ̀ẹ́, a ó gun kẹ̀kẹ́, a ó sì fi ẹsẹ̀ sáré. Èyí tó wà nínú ìdíje Olympic láti ọdún 2000 ní Sydney kúrú díẹ̀. Èyí tí àwọn ará wa ń forúkọ sílẹ̀ fún ni ti àárín: kìlómítà 1.9 nínú omi, 90 lórí kẹ̀kẹ́, àti 21.1 lórí ẹsẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 113, èyí tó jẹ́ máìlì 70.3, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe èyí tí ilé iṣẹ́ Ironman ń ṣe ní 70.3. Wọ́n ti ṣe é ní Weymouth ní Dorset, nínú òkun gan-an. Wọ́n ń ṣe é ní Swansea pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ nínú omi èbúté kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ gba etíkun lọ. Òfin àkókò wà: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún omi, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí kẹ̀kẹ́, wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lè lo wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Ohun tó máa gbà lọ sílé ni mẹ́dà kan, ẹ̀wù kan, àti ìtàn tí àwa yòókù máa gbọ́ títí di ọdún Iléyá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ òkun. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìṣègùn Annals of Internal Medicine. Wọ́n ṣe àkójọ àwọn tó kú, àti àwọn tí ọkàn wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n rí jí padà, nínú eré triathlon ní orílẹ̀-èdè wọn láti 1985 dé 2016. Ẹni 135 ni. Iye yìí kò pọ̀: bíi ẹni 1.74 nínú 100,000 tó díje. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí yìí dẹ́rù bà yín. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀: nínú 135 yẹn, 90 ló jẹ́ nínú omi. Kẹ̀kẹ́, eré sísá, ìjàǹbá ojú ọ̀nà àti ìsinmi lẹ́yìn eré ló pín 45 tó kù. Ọkùnrin ni ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ọjọ́ orí wọn tí a bá ṣe ìdọ́gba rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 47. Nínú òkú 61 tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò inú ara wọn, wọ́n bá àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ní láárí nínú 27. Ọkùnrin ọdún 47 tó lágbára lójú gbogbo èèyàn, tí kò mọ ohun tó ń ṣe àyà òun: ṣé a kò mọ ẹni bẹ́ẹ̀ ní sàfù wa?

Kí ló wà nínú omi tí kò sí lórí ilẹ̀? Òkun Weymouth ní oṣù September máa ń wà ní bíi ìwọ̀n 17 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 17 níbí, a ó sọ pé ọjọ́ dára. Omi 17 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi tútù bá gba àyà èèyàn lójijì, ara á fa èémí sínú láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni, mímí á wá yára, ọkàn á máa lù kìkì. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi lásìkò yẹn, omi ló máa wọlé dípò afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù. Àwọn onímọ̀ méjì, Mike Tipton ti Yunifásítì Portsmouth àti Michael Shattock ti King's College London, kọ̀wé ní 2012 pé àṣẹ méjì tó takora ló ń dé bá ọkàn nígbà náà: òtútù tó bo awọ ara ń sọ fún un pé kó sáré, omi tó bo ojú àti èémí tí a dì mú ń sọ fún un pé kó rọra. Bí àṣẹ méjèèjì bá ko ara wọn, ìlù ọkàn lè dàrú. Ẹ fi èrò tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ara wọn kún un, ẹ fi aṣọ rọ́bà tó fún ọrùn kún un, ẹ sì fi ìtara ẹni tó ti san ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tí kò fẹ́ kí owó rẹ̀ gbé kún un pẹ̀lú.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í gbọ́ nípa rẹ̀. Omi inú ara fúnra rẹ̀ lè jò wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, láì jẹ́ pé ó mu omi òkun rárá. Ẹni náà á máa wúkọ́, èémí rẹ̀ kò ní tó, itọ́ tó ní fóòmù, tí ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ díẹ̀, á máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára àwọn tó tètè máa ń ṣe. Àwa aláwọ̀ dúdú ní Ìlú Ọba sì ni ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wa ju àwọn ará ilẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn. Ẹni tó ń sọ pé ara òun dá ṣáṣá kò tíì sọ nǹkan kan fún wa, àfi bó bá ti fi apá sínú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò yìí ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn ní England fún ẹni tó ti pé ogójì ọdún, NHS sì ń pe àwọn tó wà láàárín ogójì sí ọdún 74 wá fún àyẹ̀wò gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ju lẹ́tà yẹn sínú àpò ìdọ̀tí. Èmi kò rí bí ẹni tó rí owó ra kẹ̀kẹ́ oníkábọ́ọ̀nù ṣe máa sọ pé òun kò ráyè dé ilé oògùn.

Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó sọ ọ́ ní kedere: mo fẹ́ wẹ kìlómítà méjì nínú òkun tútù. Kó má sọ pé òun fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá díẹ̀. Kó sọ bóyá bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n òun kú lójijì, kó sọ bí òòyì bá ti kọ́ òun rí tàbí bí àyà bá ti dun òun nígbà tí òun ń sáré. Nílé wa, ikú òjijì máa ń ní orúkọ mìíràn, a ó ní ayé ló ṣe é, tàbí pé ó sùn kò jí. Ẹ gbìyànjú láti rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ó lè jẹ́ pé ìtàn ẹbí nìkan ló máa mú kí dókítà yẹ ọkàn náà wò fínnífínní.

Kó sọ jẹnotáìpù rẹ̀ pẹ̀lú. Bíi ẹni kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì béèrè rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000, tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2016, kò rí i pé àwọn AS ń kú ju àwọn AA lọ. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ewu kí iṣan ara máa fọ́ dànù sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí iṣẹ́ àṣekára fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ga láàárín wọn. Èyí kò ní kí AS má díje. Ó ní kí ó gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́, kí ó má sì fi ibà sáré. Ti SS yàtọ̀ pátápátá: omi tútù nìkan tó láti fa ìrora egungun, dókítà rẹ̀ ló sì máa sọ ohun tó lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ mímọ ìlúwẹ̀ẹ́ ló kàn. Iye tí wọ́n máa ń sọ láti inú ìwádìí Sport England ni pé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní England ni kì í lúwẹ̀ẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi dá Black Swimming Association sílẹ̀ ní 2020. Alice Dearing, tó jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Ìlú Ọba nínú Olympic, ní Tokyo, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn arákùnrin wa tó ń forúkọ sílẹ̀, ẹnu ọdún méjì yìí ni wọ́n kọ́ ọ, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìdárayá. Ibẹ̀ móoru, ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ògiri sì wà ní mítà 25 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lè dì mú. Òkun kò ní ìlà, kò ní ògiri. Ìgbì lè gbá ọ lẹ́nu nígbà tí o fẹ́ mí, ìṣàn omi lè gbé ọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí o rò pé o ń lọ síwájú. Ẹni tó wẹ kìlómítà méjì nínú adágún kò tíì wẹ ohunkóhun nínú òkun.

Èrò tèmi, tí àwọn kan lè sọ pé ó le, ni pé ẹni tí kò bá tíì wọ omi gbangba pẹ̀lú olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárín ìgbà ooru kan, kò yẹ kó san owó ìdíje náà. Kó kọ́ bí a ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kó fi omi bọ́ ojú àti ọrùn, kó dúró títí èémí á fi rọlẹ̀. Kó kọ́ ohun tí RNLI, àwọn tó ń gba èèyàn là lójú òkun níbí, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé: bí ìpayà bá dé, fi ẹ̀yìn lé omi, gbé orí sẹ́yìn kí etí rì, rọra máa jù ọwọ́, títí èémí á fi padà. Kò sì gbọ́dọ̀ dá wọ òkun. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó máa ń lọ ní ìdájí lóun nìkan torí pé ara rẹ̀ ń tì í níwájú àwọn òyìnbó. Kó mú ọ̀rẹ́ kan dání kó jókòó sí etí omi pẹ̀lú fóònù, bí ọ̀rẹ́ náà kò bá tilẹ̀ mọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú ewé ìmọ́tótó nìyí, ẹ jẹ́ kí a wo omi náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù July 2023, wọ́n ṣe ìdíje triathlon àgbáyé ní Sunderland, ní etíkun Roker. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán èèyàn 57 ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Kì í ṣe ìdíje ọ̀nà àárín tí à ń sọ, ṣùgbọ́n irú òkun kan náà ni. Ní orílẹ̀-èdè yìí, bí òjò ńlá bá rọ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí omi ìdọ̀tí ilé tó kún àkúnya ṣàn sínú odò àti òkun. Àwọn èèyàn wa kan máa ń sọ fún mi pé Ànábì ti sọ pé omi òkun mọ́. Òótọ́ ni, a lè fi ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n omi tó mọ́ fún ìjọsìn kò túmọ̀ sí omi tí kò ní kòkòrò àrùn. Ìdájọ́ ẹ̀sìn nípa àlùwàlá ni èkíní, ọ̀rọ̀ ìfun ni èkejì. Ẹ má wẹ̀ nínú òkun fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ bo egbò pẹ̀lú báńdéèjì tí omi kì í wọ̀. Bí ẹ bá jáde, kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Imú mímú ìgò omi àti jíjẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òkun ni àṣà burúkú jù tí mo rí níbi ìyípadà sí kẹ̀kẹ́.

Àṣà kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Àwọn olùdíje kan máa ń tọ̀ sínú aṣọ rọ́bà kí ó lè móoru, àwọn mìíràn ń tọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ìṣẹ́jú méjì má baà ṣòfò, wọ́n á sì fi í ṣe àpárá. Ẹ má bá wọn lọ́wọ́ sí i. Nájísì ni ìtọ̀, Ànábì sì ti kìlọ̀ gidi fún ẹni tí kò ṣọ́ra fún un. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lò ó. Bí ẹ bá yá aṣọ rọ́bà, ẹ máa rò ó pé ẹlòmíràn ti tọ̀ sínú rẹ̀: ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fọ̀ ọ́ ní omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti tà á ní tààrà.

Ìrun kò le bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ní àárín September ní Weymouth, Àsùbáà á ti kọjá kí wọ́n tó wọ omi, ìrun ọ̀sán á wọlé bí agogo kan ti ń kọjá díẹ̀, Alásàrì kò sì ní wọlé títí di nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀. Bí wọ́n bá gbéra ní agogo méje, ẹni tó lo wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ pàápàá á parí ní agogo mẹ́ta ààbọ̀. Kó fi jàlàbíà mímọ́ àti bàtà sílẹ̀ sínú àpò rẹ̀, kó má gbàgbé ìgò omi fún àlùwàlá. Ẹni tó bá sọ pé eré kò jẹ́ kí òun kírun, àpò ló gbàgbé láti dì.

Fún àwọn arábìnrin, ẹgbẹ́ World Triathlon ti fàyè gba aṣọ tó bo gbogbo ara, Khadijah Diggs sì ti fi híjáàbù díje fún Amẹ́ríkà nínú triathlon ọ̀nà gígùn. Aṣọ tó gùn tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lè wọ inú ṣéènì kẹ̀kẹ́, nítorí náà kí ẹ̀wù òkè dé itan kó má kọjá bẹ́ẹ̀, kí ṣòkòtò sì mọ ní ọrùn ẹsẹ̀. Aṣọ tútù tó pẹ́ lára máa ń fa ìyún àti egbò láàárín itan. Ìpara tí ń mú awọ yọ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tó wọ aṣọ púpọ̀ ju ẹni tó wọ díẹ̀ lọ. Ní ti oúnjẹ, ẹ ka ẹ̀yìn àpò súìtì agbára tí wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà, wọ́n lè fi gelatin ẹlẹ́dẹ̀ ṣe é. Dàbínù ṣì wà.

Ìmúrasílẹ̀ eré yìí ń gba bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, fún oṣù mélòó kan. Ìgbà wo ni wákàtí yẹn ti wá? Lọ́pọ̀ ilé, láti ọwọ́ ìyàwó tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé kéwú ní Sátidé ni. Ẹ rántí ìmọ̀ràn tí Sàlìmánù fún Abú Dàrdáì nígbà tó rí i pé ìyàwó rẹ̀ kò rí ìtọ́jú mọ́ nítorí ìjọsìn rẹ̀, tí Ànábì sì fọwọ́ sí i, pé ara ní ẹ̀tọ́, ará ilé náà ní ẹ̀tọ́. Bí ìjọsìn kò bá lè gba ẹ̀tọ́ ìyàwó, kẹ̀kẹ́ kò lè gbà á. Nítorí náà, ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tó ti dàgbà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ẹni tó fẹ́ díje fi èsì ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ han àwọn, kó sì sọ orúkọ ẹni tó ń bá a wọ omi.

Bí ẹ bá sì tẹ̀ lé e lọ sí etíkun, ẹ sọ òfin kan fún un lójú àwọn ọmọ kó tó wọlé. Bí èémí bá há, tàbí bí àyà bá yí padà, kó na ọwọ́ sókè, kó sì ṣí fìlà aláwọ̀ yẹn dání kí wọ́n lè rí i. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ kékeré, kayak, wà káàkiri fún èyí. Òfin eré náà gbà á láyè kó di ọkọ̀ náà mú kó sinmi, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ kò bá gbé e lọ síwájú, kó sì tún máa bá ìdíje rẹ̀ lọ bí èémí bá padà. Bí kò bá padà, kí wọ́n gbé e wá sí èbúté, a ó jọ jẹun ọ̀sán.